Ilé-Ìkàwé àti Fídíò Orí Fóònù ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Bí a bá ní kí ilé-ìkàwé bá ìgbà mu, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé kí ó ṣí ojú-ewé kan sórí Facebook. Èrò yìí kò jinlẹ̀ tó. Ní Ọ̀wọ̀, bí ọdún Ìgógó bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi fóònù ya Ọlọ́wọ̀ níbi tí ó ti ń jó pẹ̀lú irun dídì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti kún orí WhatsApp. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí yóò wò ó ní ogún ọdún sí i pé Orọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ kan láéláé, ni a ń ṣe ọdún náà fún, àti pé a kì í lu ìlù nínú rẹ̀, agogo ni? Bí fóònù bá sọnù ńkọ́?

Iṣẹ́ ilé-ìkàwé nìyẹn: kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti àlàyé sí i, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni DSpace, tí a fi ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ láti 2002. Iná mànàmáná ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ní Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àdúgbò kan wà ní Ìdóàní tí wọ́n ti ń sọ Iyayu, èdè tí ó bá èdè Ẹ̀dó tan. Bí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé bá kọ ‘Yorùbá’ sí gbogbo ohùn tí a gbà níbẹ̀, olùwádìí tí ó ń wá Iyayu kò ní rí i. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú lórí WhatsApp ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ̀, kí ó bi àwọn àgbà léèrè kí ó tó kọ ohunkóhun.