Oníṣòwò Ló Kọ Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ní 1898, ṣọ́jà òyìnbó kan, Seymour Vandeleur, tẹ ìwé Campaigning on the Upper Nile and Niger jáde. Ogun tí wọ́n gbé wá bá Bídà àti Ìlọrin ní 1897 wà nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé sì wà lójú ogun náà. Àmọ́ ẹ má tíì ṣí orí kìíní o. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú: George Goldie, olórí Royal Niger Company. Oníṣòwò ló ń ṣàlàyé ogun fún wa!

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìwé náà ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ó kà bí ìrìn àjò akọni, bẹ́ẹ̀ ogun ọjà ni. Ìlọrin ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá àti ti Yorùbá ti ń pàdé. Orúkọ Gàmbàrí tiwa yìí gan-an ń jẹ́rìí sí i. Company gba ìwé àṣẹ ní 1886, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró lọ́nà.

Ṣáínà ti rí irú rẹ̀. Láàárín 1839 sí 1842, Bìrìtéènì fi ọkọ̀ ogun ṣí ọjà wọn nítorí opium, ó sì gba Hong Kong. Wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n gbà á ní 1861. Ní 1893, Gómìnà Carter ti Èkó wá bá Ẹ́míà Ìlọrin sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àgbá ló wá sọ̀rọ̀. Ẹ́míà Sulaiman wà lórí oyè, ṣùgbọ́n Company ló wá ń pàṣẹ. Nígbà tó di 1900, ìjọba Bìrìtéènì san £865,000 fún Company, ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àbí ẹ ò rí ọjà?

Kì í ṣe pé ọwọ́ Ìlọrin mọ́ o. Àwọn jagunjagun wa kó ẹrú, wọ́n sì tà wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò sọ oníṣòwò di olùgbàlà.

Nídìí iṣẹ́ kóòdù tí a ń ṣe, bí server méjì ò bá gbọ́ ara wọn yé, a kì í ka log ọ̀kan ká dájọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ahmad ibn Abi Bakr, aáfà Ìlọrin, kọ ìtàn àwọn ẹ́míà wa ní èdè Lárúbáwá ní 1912. Mélòó nínú wa ló ti kà á? Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé Vandeleur wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa túmọ̀ ti aáfà sí Yorùbá, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká tó dájọ́.