Àwo Orin Kérésìmesì láti King's: Kí Ni Ó Kù Bí A Bá Yọ Bíbélì Kúrò?

Bí a bá dárúkọ orin Kérésìmesì àwọn ẹgbẹ́ akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ti ọmọdékùnrin kan tí ń dá orin kọ nínú ilé ìsìn Kọ́lẹ́ẹ̀jì King's, ní Cambridge, láìsí dùrù lẹ́yìn rẹ̀. Àwo tí ẹgbẹ́ akọrin yìí ti ṣe pọ̀ jọjọ. A kò bá ẹwà wọn jà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí irú àwo bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, nítorí ohun tí àwo bá yọ kúrò, ìjọ tí ń fara wé àwo yóò yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú.

Ní 1880, Edward White Benson, bíṣọ́ọ̀bù Truro, ṣe ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án àti orin nínú ilé pákó tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ń kọ́ kàtídírà wọn lọ́wọ́. Ní 1918, Eric Milner-White mú ètò náà wá sí King's. Ó ti ṣe àlùfáà àwọn ọmọ ogun. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù tó ṣáájú ni, ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò sì padà wálé mọ́. Ìdí nìyí tí àdúrà tí ó kọ fún ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn fi rántí òtòṣì, aláìsàn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti àwọn tí ó ti kọjá sí èbúté kejì. Àárín àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ ni a ti kọ́kọ́ kọ orin wọ̀nyí níbẹ̀.

Òpó tí ó gbé ìsìn náà ró ni ẹ̀kọ́ Bíbélì mẹ́sàn-án, láti ìṣubú Ádámù nínú Jẹ́nẹ́sísì títí dé orí kìíní Ìhìn Rere Jòhánù. Ọmọdé kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ni ó ń ka ti àkọ́kọ́, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń ka ti ìkẹyìn. Orin tí ó bá tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni Àmín rẹ̀.

Àwo tí David Willcocks darí fún ilé iṣẹ́ Argo ní 1958 pa èyí mọ́: àdúrà àti ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orin. Àwọn akọrin ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìró wọn á máa rìn lókè àjà òkúta gíga náà kí ó tó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni òǹkàwé á gba ọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ wà. Àwọn òǹkàwé kì í gbé ohùn sókè, ìró ilé náà sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá ń retí pé kí ìdùnnú ìbí Olúwa mú òun jó kò ní rí i níbẹ̀.

Ní 1961 ni Willcocks àti Reginald Jacques tẹ ìwé orin Carols for Choirs jáde. Nínú ètò tí Willcocks ṣe fún ẹsẹ ìkẹyìn Adeste Fideles, ibi tí a ti pe Jésù ní Ọ̀rọ̀ Baba, dùrù bú jáde pẹ̀lú ìró kan tí etí kò retí, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ le, kí ó tó padà rọ̀. Gbogbo olólùfẹ́ orin yìí ni ó mọ ìró náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ipò rẹ̀ nínú ìsìn: ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ni orin náà ń tẹ̀ lé. Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láti ẹnu Jòhánù pé Ọ̀rọ̀ náà gbé ẹran ara wọ̀, kò sì pẹ́ tí dùrù fi kígbe lórí orúkọ yẹn gan-an. Ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ ni dùrù ń ṣe. Nínú àwọn àwo tí ó jẹ́ orin nìkan, ìró náà ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́ tí yóò dá lóhùn mọ́. Ó ti di ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún iṣẹ́ ìránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni ó ń ṣe ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn akọrin á fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ múra, a ó sì fi ìwé lé òǹkàwé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan á ní ètò tí a ti kọ sílẹ̀ ń pa iná Ẹ̀mí. Ẹ̀mí tí ó mí sí Ìwé Mímọ́ kò lè bínú sí ìjọ tí ó bá kà á dáadáa. Ètò kò sì dí orin tuntun lọ́nà: ní 1983 ni Stephen Cleobury bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí a kọ orin tuntun kan fún ìsìn King's lọ́dọọdún, ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án náà kò sì yẹ̀.

Ní tiwa, ìlù àti ijó wa kò ní láti kúrò. Kí wọ́n ṣáà ní ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa ṣe Àmín sí. Bí ọdún bá ń sún mọ́lé, ẹ pe olórí akọrin àti àwọn òǹkàwé jókòó pọ̀, kí ẹ gbọ́ àwo 1958 náà tán láìfo ibì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ yan àwọn òǹkàwé, kí ẹ tó yan orin.