Káyọ̀dé Fáyẹmí, Onímọ̀ Ọ̀rọ̀ Ààbò

Gómìnà Èkìtì tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Káyọ̀dé Fáyẹmí sí. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni èmi fẹ́ yìn. Ọmọ Ìsàn-Èkìtì ni, ó ka ìwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì. Ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kọ́ nípa ogun ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ má rò pé ìbọn yínyìn ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ o! Ohun tí wọ́n ń wádìí ni pé: ta ló ń pàṣẹ fún ológun, ta ló ń fọwọ́ sí owó tí wọ́n ń ná, ta ló sì lè bi wọ́n léèrè?

Ní 2000, òun àti Abdel-Fatau Musah ṣe olóòtú ìwé *Mercenaries*, lórí àwọn jagunjagun tí wọ́n ń gbowó jà ní Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ tó gbóná ni: ní 1995, ìjọba Sierra Leone ti gba ilé-iṣẹ́ Executive Outcomes láti South Africa kí ó wá bá wọn bá ọlọ̀tẹ̀ jà. Kí ìjọba máa fowó ra ogun! Mo fẹ́ràn bí Fáyẹmí ṣe so ààbò mọ́ ìjọba àwarawa, tí kò fi í sílẹ̀ fún sójà nìkan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Adó, ẹ wá ìwé náà kà kí ẹ tó wá bá gómìnà tẹ́lẹ̀ náà yà fọ́tò.