Òyìnbó Tí Wọ́n Sín Jẹ ní Ọ̀yọ́ Ilé

Tí ìwé ìrìnàjò Hugh Clapperton, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fo gbogbo ibi tó ti ń ka máìlì. Ẹ lọ tààrà sí oṣù kejì ọdún 1826, níbi tó ti jókòó lọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé tó ń wo eré.

Àwọn òṣèré kọ́kọ́ wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Erè ńlá jáde. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó dé: ó funfun, ó rù kan eegun, òtútù ń mú un, ó ń fín áásáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ lásán rí. Àwọn èrò ní kí Clapperton wò ó dáadáa o. Òun náà ṣe bí ẹni pé ó dùn mọ́ òun bó ṣe dùn mọ́ wọn.

A gba ibí yìí gbọ́. Ẹni tó ròyìn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi òun gan-an ṣe, kí ló fẹ́ jèrè nínú irọ́? Ibẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ bíi Joel Adedeji ti rí ẹ̀rí tó ní ọdún lára nípa eré alárìnjó.

Ṣùgbọ́n ó pe òyìnbó orí eré yẹn ní èṣù funfun. Ta ló pè é bẹ́ẹ̀? Clapperton ò gbọ́ Yorùbá, ògbufọ̀ ló ń bá a gbọ́ ọ. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, Katunga tí àwọn Haúsá ń pè é ló kọ. Ìrìn òṣèré náà, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Orúkọ yẹn, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ó tún bi Aláàfin léèrè iye olorì rẹ̀. Ọba ní òun ò mọ iye wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á tò láti Katunga dé Jannah, ní ìhà Yewa lọ́hùn-ún. Etí Yorùbá mọ̀ pé ọba ń fọlá hàn ni. Ẹni tó bá gbé kalikulétọ̀ fún gbólóhùn yẹn ti ṣìnà.

Àwa ọmọ Òde-Ìrèlè wá ìlú wa nínú ìwé náà, a ò rí i. Ọ̀nà Àgbádárìgì ló gbà wọlé, ó sì kọrí sí òkè. Kò débi tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ log: ìbéèrè tó dé orí server nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú log kì í ṣe ẹni tí kò sí láyé. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ń rí ẹni tó ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìlú tí òyìnbó ò kọ nípa rẹ̀ ò nítàn, àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ìwé wọ̀nyí á sì máa tún un sọ fún àwọn àbúrò wa.

Ọdún Malókun wà, oríkì ìdílé wà, oyè Olófun wà. Ká gbà wọ́n sílẹ̀, ká kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ojú kan náà la ó fi wò wọ́n jàre: tí bàbá kan bá ní ọmọ ogun Ìrèlè tò dé Òkìtìpupa, olorì Aláàfin náà nìyẹn.