Òǹkà Tí Kò Gba Àtúnṣe

Ẹ má bínú sí onímọ̀ físíìsì tó bá ń sá fún tíọ́rì tí wọ́n ń pè ní O(2). Ó le. Òun ló wà nídìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí hílíọ̀mù olómi nígbà tó bá tutù dé nǹkan bí -271 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láìsí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Lójú ìyípadà yẹn gan-an, yálà o sún mọ́ ọn, yálà o jìnnà sí i, bákan náà ló rí. Gbogbo ohun inú rẹ̀ ló so kọ́ra gidigidi. Kò sí èyí tó kéré tó tí èèyàn lè kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní 2015, Simeon Hellerman, Domenico Orlando, Susanne Reffert àti Masataka Watanabe gba ẹ̀bùrú wọ ọ̀rọ̀ náà. Cháàjì wà nínú O(2), iye tí kì í ṣàdédé dín, tí kì í ṣàdédé pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Q. Wọ́n ní kí Q pọ̀ gan-an, ká tẹ́ ẹ sójú bọ́ọ̀lù, ká wá bèèrè agbára tó kéré jù lọ tó lè gbé e. Nínú irú tíọ́rì yìí, agbára orí bọ́ọ̀lù yẹn náà ni òǹkà tó ń sọ bí ipa nǹkan ṣe ń rọ bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn. Ẹni tó rí ọ̀kan ti rí èkejì.

Cháàjì kún ojú bọ́ọ̀lù, ó di ohun olómi tí ń ṣàn láìsí ìdènà. Látibẹ̀, iṣẹ́ rọ̀. Bí Q bá di ìlọ́po mẹ́rin, agbára di ìlọ́po mẹ́jọ: Q^(3/2) nìyẹn, ìṣirò tí èèyàn lè ṣe sẹ́yìn ìwé rìsíìtì. Bọ́ọ̀lù tẹ̀, kò tẹ́jú. Ìyẹn fi ẹyọ kejì kún un, Q^(1/2). Iye tó ń ṣáájú àwọn méjèèjì, tíọ́rì ò lè sọ ọ́. Debasish Banerjee, Shailesh Chandrasekharan àti Orlando fi kọ̀ǹpútà wá a: nǹkan bí 0.337 àti 0.27.

Ibi tí mo máa ń dúró wò ni ẹyọ kẹta, -0.0937. Nọ́ńbà tó wà lórí Q nínú àwọn ẹyọ tí kúáńtọ̀mù ò lọ́wọ́ sí máa ń fi odidi kan sọ̀kalẹ̀: 3/2, 1/2, -1/2. Wọ́n fo òdo kọjá. Ohun tó bá jókòó sójú òdo, ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ló ti wá. Ìgbì inú ohun olómi náà ló ni ín, bí awọ ìlù tó ń gbọ̀n láìsí ẹni tó lù ú. Ìyára ìgbì yẹn pàápàá ti wà nílẹ̀, nítorí tíọ́rì tí kò mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré kò gba iye mìíràn: nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ìyára ìmọ́lẹ̀. Ro gbogbo ìgbì tó lè wà lójú bọ́ọ̀lù pọ̀, àròpọ̀ náà kò lópin. Fọgbọ́n yọ apá tí kò lópin kúrò, -0.0937 ló kù. A ò yá ohunkóhun lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Q ńlá ni wọ́n ṣe gbogbo èyí fún. Ó yá, fi 1 sí i: 0.51. Iye tí a mọ̀ láti ọ̀nà mìíràn tó péye gan-an ni 0.519. Fi 2 sí i: 1.24, èyí tí a mọ̀ jẹ́ 1.236. Kò sí ìlà kan nínú ìṣirò náà tó ṣèlérí èyí fún ẹyọ cháàjì kan ṣoṣo.