Àfonífojì Odò Loire Lójú Ẹni tí ó Gun Kẹ̀kẹ́: Ìtàn tí ọ̀pọ̀ kò Kà dé Òpin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní rírìn jìnnà ni à ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rìn jìnnà ni ó ń rí ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Ẹlòmíràn a lọ, a bọ̀, kìkì ohun tí wọ́n ti ròyìn fún un nílé kí ó tó gbéra ni yóò sì rí lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí lámèyítọ́ máa yẹ ọ̀nà ìrìn-àjò wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yẹ ìwé ìtàn-àròsọ wò. Ọ̀nà tí a là fún àlejò kò ṣàdédé wà. Ẹnì kan ni ó là á, ó ní ohun tí onítọ̀hún fi síwájú, ó sì ní ohun tí ó fi sẹ́yìn.

Ọ̀nà tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni èyí tí a là fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ́bàá Odò Loire ní ilẹ̀ Faransé. La Loire à Vélo ni wọ́n ń pè é. Odò Loire ni ó gùn jù lọ nínú gbogbo odò ilẹ̀ Faransé, gígùn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 1,000. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà tó nǹkan bí kìlómítà 900. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Cuffy ní àárín orílẹ̀-èdè náà, ó gba Orléans, Blois, Amboise, Tours, Saumur àti Nantes kọjá, ó sì parí sí Saint-Brevin-les-Pins níbi tí odò náà ti ń wọ inú òkun Àtìláńtíìkì.

Ibùdó Ìtàn

Kò sí ẹni tí yóò rí ibùdó ìtàn yìí tí kò ní yìn ín. Odò náà fẹ̀, ó sì lọ́ra. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi rẹ̀ a fà, iyanrìn a yọ láàárín rẹ̀, àwọn ẹyẹ a sì wá yé ẹyin sí orí iyanrìn náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé odò jẹ́jẹ́ ni. Ní ọdún 1846, 1856 àti 1866, ó kún bo ilé àti oko. Nítorí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àfonífojì náà ti fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún mọ ògiri erùpẹ̀ gíga sí etídò. Orí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá wo apá kan, omi ni. Bí ó bá wo apá kejì, ọgbà àjàrà ni, tàbí oko ẹ̀fọ́, tàbí abúlé tí a fi òkúta funfun kọ́.

Kẹ̀kẹ́ ní ànfààní kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ní. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ a máa fò láti ààfin kan sí òmíràn bí ẹni tí ń ṣí ojú ìwé tí ó ní àwòrán nìkan. Oníkẹ̀kẹ́ kò lè fo ojú ìwé kankan. Gbogbo ìṣísẹ̀ odò náà ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Àti pé láti ìhà òkun ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá ní àfonífojì yìí. Ẹni tí ó bá ń bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Nantes yóò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé afẹ́fẹ́ yóò dojú kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo pé ọ̀nà rọrùn. Kókó yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì, bí a ó ti rí i níwájú.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Bí wọ́n ti hun ìtàn àfonífojì yìí fún àlejò, ìtàn àwọn ọba ni. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO kọ apá kan rẹ̀, láti Sully-sur-Loire dé Chalonnes-sur-Loire, sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Láàárín ààlà yìí ni àwọn ààfin tí ó gbajúmọ̀ jù lọ wà. Chambord ni ẹnu ń kùn jù. Ọba François Kìn-ín-ní ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1519. Yàrá rẹ̀ lé ní 400, àtẹ̀gùn kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ó jẹ́ méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn, tí ẹni tí ń gòkè kò fi ní pàdé ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọba náà lò níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní Amboise ni Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì tí ọba kan náà gbà lálejò, kú sí ní ọdún 1519. Lórí Odò Cher, tí ó ń ṣàn wọ inú Loire, ni ààfin Chenonceau wà, tí wọ́n kọ́ gba orí afárá sọdá omi.

Àhunpọ̀ yìí dùn, ó sì gún régé. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ béèrè pé: níbo ni ìtàn náà parí sí? Chalonnes kò tí ì dé Nantes. Àlejò tí ó bá fi ibi tí àwọn ààfin pin sí ṣe òpin ìrìn-àjò rẹ̀ yóò yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà nígbà tí ìlú tí ó tóbi jù lọ létí odò náà ṣì wà níwájú.

Òǹkàwé Yorùbá mọ ohun tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń fà. Bí ẹnì kan bá pa ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 dé nígbà tí àwọn ọdẹ ṣì wà láàárín igbó, yóò ti gbádùn ìjà àti iwin. Ṣùgbọ́n kò ní dé Òkè Láńgbòdó, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Irágbèje. Ìtàn náà kò ní í ṣàìdùn fún un. Ìdí tí wọ́n fi rìn ín ni kò ní yé e.

Àwọn Ẹ̀dá Ìtàn

Nínú ìtàn àwọn ààfin, ọba, ayaba àti àwọn ìjòyè ni ẹ̀dá ìtàn. Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Lára wọn ni àwọn tí ń gbẹ́ òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní tuffeau. Òkúta yìí rọ̀, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Òun ni wọ́n fi kọ́ Chambord àti àìlóǹkà ilé ní àfonífojì náà. Lẹ́bàá Saumur, ihò tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde ṣì wà nínú òkè títí di òní. Àwọn kan di ilé gbígbé, àwọn kan di ibi ìtọ́jú ọtí àjàrà, wọ́n sì ń gbin olú sínú àwọn mìíràn. Àwọn atukọ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn tí ń fi ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ gbé ẹrù lọ, gbé ẹrù bọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Kí ni wọ́n ń gbé? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀kan pàtàkì nínú ẹrù tí ń gòkè odò ni ṣúgà tí a kò tí ì fọ̀ mọ́. Nantes ni ó ti ń wá. Afẹ́fẹ́ òkun tí ń dojú kọ oníkẹ̀kẹ́ lónìí ni ó ń kún inú ìgbòkun wọn tí ó ń tì wọ́n gòkè lọ sí Orléans, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fọ ṣúgà náà di funfun. Orléans yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni ó wà fún ẹni tí ń bá odò sọ̀ kalẹ̀. Yóò kọjá níbẹ̀ láìfura, nítorí pé àṣírí ṣúgà náà di ìgbà tí ó bá dé Nantes.

Òpin Ìtàn

Nantes ni ó ṣáájú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé nínú òwò ẹrú. Ìrìn-àjò òwò ẹrú tí ó ti ibẹ̀ gbéra lé ní 1,700, àwọn ènìyàn tí wọ́n sì kó lé ní 500,000. Aṣọ òwú tí a tẹ àwòrán sí wà lára ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí etíkun Áfíríkà. Wọ́n ń fi ọjà pààrọ̀ ènìyàn, wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń kó ṣúgà bọ̀. Èyí tí ó lọ́rọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ ìrèké náà ni Saint-Domingue, tí ó gba òmìnira ní 1804 tí a sì ń pè ní Haiti.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní Ouidah àti Àjàṣẹ́ ni àwọn ọkọ̀ Faransé ti ń ra ẹrú, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n rà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Saint-Domingue. Orúkọ náà àti orúkọ Ògún kò tí ì parẹ́ nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti. Òótọ́ tí ó korò ni pé Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ń kó ẹrú lọ tà ní Àjàṣẹ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Île Feydeau ní Nantes, ilé ńláńlá tí àwọn olówò kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ṣì dúró. Òkúta funfun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ààfin ọba ni ó wà lára wọn. Odò ni ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn sókè fèrèsé ilé wọ̀nyí, ojú adúláwọ̀ sì wà lára rẹ̀. Erékùṣù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dí omi tí ó yí i ká láàárín ọdún 1920 sí 1950, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹni tí ó bá débẹ̀ lónìí yóò bá.

Ìdájọ́

Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ìtàn nítorí pé inú ń bí i. Owó ẹrú Nantes kọ́ ni wọ́n fi kọ́ Chambord. Ọba ti bẹ̀rẹ̀ ààfin náà kí òwò yẹn tó gbilẹ̀ ní ìlú náà. A kò sì lè sọ pé Nantes fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ní 2012, ìlú náà ṣí ibi ìrántí kan ní etídò, ní Quai de la Fosse. Àwo gíláàsì 2,000 ni wọ́n tẹ́ sínú ilẹ̀ níbẹ̀. 1,710 nínú wọn ń sọ nípa àwọn ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú náà, àwọn yòókù sì ń dárúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti ra ènìyàn, ibi tí wọ́n ti yà àti ibi tí wọ́n ti tà wọ́n.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n ya ìtàn méjì sọ́tọ̀ tí odò kò yà sọ́tọ̀. Ìtàn ẹwà wà lókè odò, ìtàn ìbànújẹ́ wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta kan náà ń sọ̀, tí ṣúgà ń gòkè, lórí omi kan náà. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí kẹ̀kẹ́ ni láti so wọ́n pọ̀, nítorí pé òun kò kúrò létí omi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ìtàn náà fi lè tọ́. Kí ẹni tí yóò rìn ín bẹ̀rẹ̀ láti Nantes. Kí ó kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Quai de la Fosse, kí ó ka orúkọ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó gòkè odò lọ gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ti lọ. Afẹ́fẹ́ òkun yóò máa tì í lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá dé Chambord, ààfin náà kò ní í bùrẹ́wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dé Orléans, kò ní béèrè mọ́ ibi tí ṣúgà ti wá.