Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí À Ń Rà Ní Abuja?

Bí a ti ń jó, tí a ń yọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a bá ara wa sọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Àṣà ríra ilẹ̀ tí a mọ̀ nílé la gbé wá síbí. Ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú, a ó wá olórí ẹbí lọ, àwọn ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí ìwé, a ó sì san owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé àwọn Gbagyi ní Abuja, ìwé lásán ló fi owó rà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tí ọmọ Yorùbá kan, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá olú-ìlú tuntun. Ní oṣù Kejì 1976, Òfin Ológun Kẹfà sọ gbogbo ilẹ̀ náà di ti ìjọba àpapọ̀. Abala 297 nínú òfin ìlú ti 1999 tún un sọ. Baálẹ̀ kankan kò ní ilẹ̀ tí yóò tà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ìjọba wí. Wọ́n ní àwọn yóò kó gbogbo onílé kúrò. Ní 1978, wọ́n yí ohùn padà pé ẹni tó bá fẹ́ lè dúró. Ẹni tí wọ́n gba oko baba rẹ̀, tí owó gbà-má-bínú tó péye kò kàn án, kí ni yóò ṣe? Ṣebí yóò tà á ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ́sítéètì ńkọ́? Láti 2000 ni ìjọba ti ń fún wọn ní ilẹ̀. A san owó ilé tán, ìwé ilẹ̀ ṣì wà lórúkọ ilé-iṣẹ́. Ó di 2025 kí ìjọba Abuja tó kéde pé onílé kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ̀bi. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà, ojú wa ni katapílà ṣe ń wó ilé, síbẹ̀ a kò kọ́gbọ́n. Bí a bá fẹ́ ra ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, a ó pe Gbagyi ní ọmọ onílẹ̀. Bí katapílà bá dé, a ó pè é ní olè. Èyí kò dára.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sanwó, kó gbé ìwé náà lọ sí AGIS fún àyẹ̀wò. Kó mú sọ̀fíọ̀ tirẹ̀ dání lọ wo òkúta ààlà. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí a kọ́lé tán kí wọ́n wó o mọ́ wa lórí. Àmín.